Kò Sí « Signal » ní Ilé Eré

Ẹ̀wù àtọrọwọ̀ kì í yẹni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Òtítọ́ ni òwe yìí lórí aṣọ, ó sì jẹ́ òtítọ́ lórí bàtà àti fìlà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìran tiwa yá lò nígbà èwe, tí ó bá wa mu ju ọ̀pọ̀ ohun tí a fi owó ara wa rà lẹ́yìn náà lọ. Ohun náà ni eré orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí a ń san owó wẹ́wẹ́ lé lórí nínú yàrá ẹlòmíràn, fún ìdajì wákàtí, kí a tó dìde fún ẹni tí ó kàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí léèrè ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe kí fóònù tó dé. Bí mo bá ti ń ṣàlàyé ilé eré ìyálò fún wọn, àánú wa a máa ṣe wọ́n. Lójú wọn, ìyà ni ó jẹ wá: ẹ̀rọ kan fún odidi àdúgbò, àti owó tí a ní láti san kí ọwọ́ wa tó kàn án. N kì í bá wọn jiyàn pé a ní. A kò ní lóòótọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀, tí mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ nínú ìwé ìròyìn yìí, ni ohun tí àìní náà bí láàárín wa, pàápàá jù lọ ohun tí ó ṣe fún èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ owó ti rí. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1994, àwọn aláṣẹ kéde pé iye fráǹkì sẹ́ẹ̀fà ti wálẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, 50 fráǹkì sẹ́ẹ̀fà ni a fi ń gba fráǹkì Faransé kan. Lẹ́yìn rẹ̀, 100 ni. Gbogbo ohun tí ń ti òkè òkun wá ni ó gbówó lórí. Oògùn, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti wàrà ọmọ ọwọ́ ni àwọn òbí ń rò. Bàbá wo ni yóò wá dìde ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, tí yóò lọ ra ẹ̀rọ eré fún ọmọ?

Nítorí náà, ẹnì kan tàbí ẹni méjì péré ní àdúgbò ni ó máa ń ní in: ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Paris, tàbí oníṣòwò tí ń ná ọjà Èkó àti ti Kútọnu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ fi ohun olówó ńlá sílẹ̀ kí ó máa gba eruku lásán. A gbé e sí yàrá iwájú, a gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀, a to ìjókòó pákó méjì sẹ́yìn, a sì ta aṣọ sí ojú fèrèsé kí oòrùn má baà ba àwòrán jẹ́. Ilé eré dé nìyẹn. Ní Àjàṣẹ́, « salle » ni àwa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni mẹ́wàá ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Àwọn ẹ̀rọ náà kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Nintendo ti gbé Famicom jáde ní Jàpáànì láti ọdún 1983. Sega gbé Mega Drive jáde ní 1988. Super Nintendo tẹ̀ lé e ní 1990. Sony sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta PlayStation ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 1994. Ní àdúgbò tiwa, ayédèrú Famicom ni a kọ́kọ́ fojú rí, lẹ́yìn náà ni Super Nintendo, ọ̀rúndún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí PlayStation tó wọ́pọ̀. Ohun tí ó ti di àlòkù ní ibòmíràn ni ó ń di tuntun lọ́dọ̀ wa. A kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dùn wá.

Ohun kan tún wà tí ọmọ òde òní kò lè mọ̀. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lo ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti Faransé nígbà náà, tí ń jẹ́ SECAM. Nàìjíríà ń lo PAL, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Bí ẹ̀rọ eré bá ti Èkó wá, tí tẹlifíṣọ̀n onílé sì jẹ́ ti SECAM nìkan, àwòrán a jáde, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni yóò jẹ́. Mario tí ó wọ aṣọ pupa ní ilé kan a di eléérú ní ilé kejì. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàárín Kétu àti Mẹ̀kọ, sáàárín Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, ti wọ inú tẹlifíṣọ̀n lọ. Ilé tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń gba ìlànà méjèèjì ni èrò máa ń pọ̀ sí jù, onílé a sì fi díẹ̀ lé owó rẹ̀.

Àkókò ni a ń rà. Ní ilé tí mo mọ̀ jù lọ, 50 fráǹkì ni ìdajì wákàtí, 25 fráǹkì sì ni ìdíje bọ́ọ̀lù kan. Aago tábìlì a wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú onílé a sì wà lára aago. Ẹni méjì lè dá owó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ eré ìjà tàbí bọ́ọ̀lù, ẹni tí ó bá pàdánù ni yóò dìde, ẹni tí ó borí a jókòó de ẹni tí ó kàn, owó ẹni tí ń bọ̀ ni yóò sì gbé eré ró. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi 25 fráǹkì kan ṣoṣo jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó dá ọmọ olówó mẹ́ta dìde léraléra, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ní kí ó kúrò níbẹ̀.

Iná mànàmáná ni ó máa ń ba òfin jẹ́. Ní ọdún 1998, omi adágún Volta fà ní Gánà, iná Akosombo tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ gbára lé sì di ìmọ́lẹ̀ tí ń wá tí ń lọ. Bí iná bá kú láàárín eré, ta ni ó ni ìṣẹ́jú tí ó kù? Àríyànjiyàn ńlá ni. Nígbẹ̀yìn, onílé ra ìwé kan, ó ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ìṣẹ́jú tí ó jẹ ẹ́ sínú rẹ̀, bí ìyá aláta ṣe ń kọ àwìn. Bí iná bá padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a ó ṣí ìwé, a ó ka orúkọ, ọmọ a sì gba ìṣẹ́jú 12 rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i pé àgbàlagbà lè jẹ ọmọdé ní gbèsè, kí ó sì san án.

Nígbà tí PlayStation dé, nǹkan mìíràn bá a dé. Ẹ̀rọ náà kì í fi eré pamọ́ sínú ara rẹ̀. Káàdì kékeré kan, tí a pín sí àyè 15, ni ó ń gba ibi tí a bá eré dé. Àwọn ọmọ kan tu owó jọ, wọ́n ra káàdì tiwọn, wọ́n ń gbé e sínú àpò ṣòkòtò kiri láti ilé eré kan dé òmíràn. Onílé ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni tẹlifíṣọ̀n, òun ni ó ń san owó iná. Ìrántí nìkan ni tiwa.

Wàyí o, kí ni ẹni tí kò ní owó ń ṣe? Ó ń jókòó lẹ́yìn. Ìjókòó ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò bá pariwo jù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà. Ìwé ìlànà kì í bá ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá sì bá a dé, èdè Jàpáànì tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwa tí a ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé kò sì lè kà á. Ẹnu ni ìmọ̀ ń gbà kiri. Nínú Super Mario Bros., ní abala kejì ayé kìíní, bí ènìyàn bá gun òkè àjà tí ó sì rìn kọjá ibi tí ó yẹ kí ó jáde sí, yóò bá yàrá kan pàdé tí ihò mẹ́ta wà, èyí tí yóò gbé e fò lọ sí ayé kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin. Kò sí ìwé tí ó sọ èyí fún wa. Ọmọ kan láti àdúgbò mìíràn ni ó mú un wá, àwa sì pe ibẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kò sí ẹni tí a ṣàlàyé orúkọ náà fún, nítorí ohun tí ọ̀nà ẹ̀bùrú jẹ́ láyé ni ó jẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà lára yín kò ní gbàgbé ohun tí à ń pè ní « signal » ní ilé ẹ̀kọ́: egungun, pákó tàbí ìkarahun tí wọ́n fi okùn so kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà. Ọmọ náà a máa ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó lè rí ẹni gbé e lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sùn sí lọ́rùn ní ìparí ọjọ́ ni ẹgba yóò dùn lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ yé wa kedere: èdè Faransé ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti ti ẹ̀rọ, Yorùbá wà fún ọjà, fún ilé ìdáná, àti fún ìsìnkú.

Ṣùgbọ́n kò sí « signal » ní ilé eré. Níwájú ẹ̀rọ tí ó tuntun jù lọ tí a tíì rí láyé wa, Yorùbá ni a ń sọ, tí Gùn ń bọ́ sí i, tí Faransé náà ń bọ́ sí i níbi tí ó bá ti wúlò. Lóòótọ́, kásẹ́ẹ̀tì ni a ń pe ohun tí a ń fi bọ inú ẹ̀rọ, mànẹ́ẹ̀tì sì ni ohun ìdarí tí a ń dì mú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n gba orúkọ lọ́wọ́ wa. « Ẹ̀mí mélòó ni ó kù fún ọ? » « Ó ku méjì. » Ọ̀tá tí a pa tí ó tún yọ ní kété tí a bá padà sẹ́yìn, àbíkú ni. Ọ̀tá ńlá tí ń dúró deni ní òpin ọ̀nà, onílé ni. Ẹni tí ó ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì láìmọ ohun tí ó ń ṣe, a ní ó ń gún iyán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ti inú Street Fighter II jáde. Eré ìjà yìí jáde ní 1991, ó dé orí Super Nintendo ní 1992, oníjà mẹ́jọ ni ènìyàn sì lè yàn nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn, Ryu àti Ken, lè ju iná láti ọwọ́ wọn bí ènìyàn bá tẹ ìsàlẹ̀, tí ó yí i lọ sí iwájú, tí ó sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ṣẹ́. Bí iná náà bá ń jáde, oníjà a kígbe ọ̀rọ̀ Jàpáànì kan: « Hadouken! » Ohun tí etí ọmọ Yorùbá gbọ́ ni Àdùkẹ́. Àdùkẹ́, orúkọ oríkì ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń jìjàdù láti kẹ́! Láti ọjọ́ náà, « ju Àdùkẹ́ lù ú » di ọ̀rọ̀ àdúgbò. Mo mọ ìyá kan tí ó ń jẹ́ Àdùkẹ́, tí ó jáde sí wa lọ́jọ́ kan láti bèèrè ohun tí òun ṣe fún wa tí a fi ń ju òun kiri láti òwúrọ̀.

Bàbá àgbà kan a sì máa kọjá níwájú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ kò yé e, ṣùgbọ́n ó rí ọmọ méjì tí wọ́n dojú kọ nǹkan, ó rí àwọn tí wọ́n yí wọn ká tí wọ́n ń dá sí i, ó sì mọ ibi tí òun wà. Bí àwọn àgbà ṣe ń kí àwọn tí ó ń ta ayò ni ó fi ń kí wa: « Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ! » Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ. Láìpẹ́, àwa náà ń pe ara wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fẹ́ bá ọpọ́n ayò wọ àjà ni ó tún bọ́ sí ẹnu ọmọ ọdún mẹ́wàá níwájú Super Nintendo.

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kò ní fi oyin pa ètè yín kí n sì fi ìyókù pamọ́. Àwọn ọmọ kan náwó epo tí ìyá wọn rán wọn rà. Àwọn kan bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ pamọ́ sínú àpò kí wọ́n lè wọ ilé eré ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, àwọn onílé kan sì wà tí wọ́n rí aṣọ náà tí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àti pé ọmọkùnrin ni ó kún ìjókòó méjèèjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa obìnrin a dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú àwo àkàrà lórí. Wọ́n a wo ìdíje kan, wọ́n a gba owó wọn, wọ́n a sì lọ. Bí a bá fẹ́ràn ayé ìjọ́sí, ó yẹ kí a rántí ẹni tí kò rí àyè jókòó nínú rẹ̀.

Gbogbo ayé kọ́ ni ó yá eré lò bí tiwa. Ní Amẹ́ríkà, ìyálò túmọ̀ sí pé kí ọmọ gba kásẹ́ẹ̀tì ní ilé ìtajà bíi Blockbuster, kí ó gbé e lọ sílé fún ọjọ́ díẹ̀. Nintendo kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ní 1989, ó pe Blockbuster lẹ́jọ́ lórí ìwé ìlànà eré tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ayálò. Nítorí náà, bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń ṣàfẹ́rí ìgbà èwe wọn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹtì àti pẹpẹ ilé ìtajà ni wọ́n ń rántí. Àwa ń rántí ariwo àwọn tí ó wà lẹ́yìn wa.

Ariwo náà ni ó ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́: nínú ọ̀pọ̀ èyí tí ó lè fi eré pamọ́, bátìrì kékeré kan ni ó ń tọ́jú ìrántí, bí bátìrì bá sì kú, gbogbo rẹ̀ a parẹ́. Àwọn eré fúnra wọn ń sọnù. Ní ọdún 2023, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, Video Game History Foundation, gbé ìwádìí jáde pé nínú 100 eré tí wọ́n tà níbẹ̀ ṣáájú ọdún 2010, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Síbẹ̀, ó kéré tán, ẹnì kan ń kà wọ́n, ẹnì kan ń tọ́jú wọn. Ta ni ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tiwa? Ta ni ó kọ « àbíkú » sílẹ̀, tàbí « ọ̀nà ẹ̀bùrú »? Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí lè ṣe Street Fighter II lórí fóònù wọn lónìí, lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n etí wọn ni a fi agbọ́hùn dí, wọ́n ń dá ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà fún mi, Faransé ni wọ́n ń sọ, tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kà lójú fóònù. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú kíláàsì mi: mo ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ bí a ṣe ń borí nínú eré tí wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá fàlàlà nílé dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbé « signal » kọ́ wọn lọ́rùn, síbẹ̀ wọ́n ti gbà pé Yorùbá kò lè dé ibẹ̀.

Ó ti dé ibẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ nìyẹn. Èdè tí ó gba ẹ̀rọ Jàpáànì lálejò, tí ó sì sọ ohun gbogbo inú rẹ̀ lórúkọ láàárín oṣù díẹ̀, láìsí olùkọ́, láìsí ìwé, kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn tí yóò jókòó pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde ni kò sí mọ́. Ẹni tí ó ń dá ṣeré kò nílò orúkọ fún ohunkóhun.

N kò sọ pé kí a padà sí iná tí ń kú àti yàrá tí ó móoru. Ohun tí mo ń bèèrè kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìsinmi tí ń bọ̀ yìí, ẹ wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ bi í ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ohun inú eré ní àdúgbò rẹ̀, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní ìhà Tógò, nítorí mo mọ̀ dájú pé wọn kò jọra. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹrù, ẹ má jù ú sórí ààtàn. Ẹ gbé e jáde ní ọjọ́ àbámẹ́ta kan, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ pe àwọn ọmọ adúgbò, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹ sì to ìjókòó sẹ́yìn. Mànẹ́ẹ̀tì méjì ti tó. Ẹni tí ó bá pàdánù, kí ó dìde fún ẹlòmíràn, kí ó sì lọ jókòó lẹ́yìn láti sọ ohun tí ó rí.